Káàdì Wà Lápò, Dókítà Ọkàn Dà?

Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ tí kò rí ọjà rà, òun àti ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ni wọ́n jọ ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn káàdì adójútòfò ìlera, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní inṣọ́ránsì, ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lónìí, pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Káàdì wà lápò, owó rẹ̀ sì ti jáde, yálà láti inú owó oṣù tàbí láti àpò ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tí a ń wá dókítà tí ó mọ ìtọ́jú ọkàn dájú, ní ọjọ́ náà ni olúkúlùkù ń mọ̀ pé káàdì ọ̀tọ̀, dókítà ọ̀tọ̀.

Ẹni tí ibà ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro. Yóò gba ilé ìwòsàn tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lọ, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn yóò fún un ní oògùn, yóò san náírà 10 nínú 100 iye owó oògùn náà, yóò sì máa lọ sílé rẹ̀. Ọkàn kì í ṣe ibà. Dókítà ọkàn ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn parí, ó ti ṣiṣẹ́, ó sì tún padà lọ lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn kí ó tó di ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Irú wọn kò pọ̀, ìlú ńlá ni wọ́n sì fi ṣe ibùgbé.

Kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè wa jẹ́ òpè nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1974 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn, ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí a ti la ọkàn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní Enugu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé, ọmọ bíbí Òǹdó tí ó di olóògbé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn dókítà nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn títí orúkọ rẹ̀ fi kàn ká gbogbo àgbáyé. Ọgbọ́n kò wọ́n wa. Bí ọgbọ́n náà yóò ti dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ó wà ní Ìgbẹ́tì ni ó ṣòro.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àrùn ọkàn kì í ṣe tiwa, pé àrùn òyìnbó àti ti ọlọ́lá ni. Irọ́ pátápátá ni. Àwọn dókítà ní Federal Medical Centre ti Abẹ́òkúta kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ènìyàn 452 ni wọ́n kà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn jẹ́ fún èyí tí ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ. Bí a bá sì pín ọjọ́ orí gbogbo wọn dọ́gba, nǹkan bí ọdún 57 ni ó ń bọ́ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ro èyí wò. Òfin tí a ṣe ní 2022 ti sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65. Ẹni ọdún 57, orí iṣẹ́ ni ó ṣì wà, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè má tíì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Àárín àwọn olùkọ́ gan-an ni àìsàn yìí sì ti ń rí ibi fara pamọ́ sí. Bí ẹsẹ̀ bá wú, wọ́n á ní ìdúró níwájú pátákó láti àárọ̀ ni ó fà á. Bí èémí bá ń kúrú nígbà tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ní àgbà ti dé. Bí ẹnì kan kò bá lè sùn láìjẹ́ pé ó to ìrọ̀rí mẹ́ta lé ara wọn, tí ó ń jí lóru tí ó ń wá afẹ́fẹ́ sí ojú fèrèsé, wọ́n á ní ayé ni ó ń bá a jà. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹsẹ̀ wíwú, èémí kúkúrú àti àìlèfi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹnì kan, kí olúwarẹ̀ lọ fi ara rẹ̀ han dókítà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró de ìsinmi ilé-ìwé.

Ibo wá ni dókítà náà wà? Ọ̀nà tí ó dájú jù lọ fún ẹni tí ó ní káàdì ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì àti ti ìjọba àpapọ̀. UCH wà ní Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní 1957. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a rí ti Ìlọrin, ti Ṣàgámù, ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Òṣogbo, ti Adó-Èkìtì àti ti Ìdó-Èkìtì, ká má sì gbàgbé Federal Medical Centre ti Abẹ́òkúta àti ti Ọ̀wọ̀. Àwọn dókítà ọkàn kan wà tí wọ́n dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í gba káàdì ìjọba. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbà. A ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí á sọ pé Ṣakí ni ó ń gbé. Bí ó bá gbé káàdì rẹ̀ dání, tí ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tààrà, ìrìn àjò tí ó ju 150 kìlómítà lọ, tí ó sì ní òun fẹ́ rí dókítà ọkàn, wọn yóò dá a padà, tàbí kí wọ́n ní kí ó san owó bí ẹni tí kò ní káàdì rárá. Kì í ṣe ìwà ìkà ni. Bí ètò náà ti rí nìyẹn. Ilé ìwòsàn kékeré tí ó kọ́kọ́ yàn, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, ni ilẹ̀kùn. Dókítà ibẹ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì kọ ìwé tí a fi ń ránni sí ilé ìwòsàn tí ó ga jù ú lọ. Ilé ìwòsàn kékeré náà yóò wá béèrè kóòdù lọ́wọ́ alágbàtà tí a ń pè ní HMO, tàbí lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ni káàdì náà. Kóòdù yìí ni ẹ̀rí pé ẹnì kan yóò san owó. Nígbà mìíràn ọsibítù jẹ́nẹ́rà ni wọn yóò kọ́kọ́ rán an lọ, níbi tí àgbà dókítà fún àìsàn inú ara yóò ti wò ó kí ọ̀rọ̀ tó di ti Ìbàdàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú kò ju ibi kan lọ. Kóòdù tí a fi rí dókítà kì í ṣe kóòdù tí a fi ṣe àyẹ̀wò. Dókítà ọkàn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ. Yóò fẹ́ kí a ya bí ọkàn ti ń lù sórí ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní ECG, yóò sì fẹ́ wo bí ọkàn ti ń ṣí tí ó ń pa nínú àyà, èyí tí wọ́n ń pè ní echo. Bí olùkọ́ wa bá dé Ìbàdàn láàárọ̀, tí ó rí dókítà ní ọ̀sán, tí dókítà kọ echo fún un, ó lè gbọ́ pé kóòdù ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀, pé kí ó lọ gba òmíràn wá. Ẹlòmíràn yóò padà sí Ṣakí nítorí rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn kékeré, ẹ bẹ dókítà yín kí ó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọkàn ni òun fura sí, kí wọ́n sì béèrè kóòdù àyẹ̀wò pọ̀ mọ́ ti ìríran bí HMO bá lè gbà. Bí wọn kò bá gbà, ẹ gba nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni tí ó ń bójú tó kóòdù, kí ẹ lè pè é láti Ìbàdàn níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ètò yìí ní ọ́fíìsì kan fún àwọn oníkáàdì. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé ti ń to ìlà gba káàdì tuntun. Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí dókítà ọkàn ń jókòó, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ohun kan wà tí àwa fẹ́ kí olúkúlùkù mọ̀ sórí. Àjọ NHIA, èyí tí ó ń ṣàkóso ètò náà fún ìjọba àpapọ̀, ti pàṣẹ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2025, wákàtí kan péré ni HMO ní láti fi dáhùn bí ilé ìwòsàn bá béèrè kóòdù. Bí wákàtí náà bá kọjá láìsí èsì, ilé ìwòsàn lè máa tọ́jú aláìsàn lọ, kí ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ HMO lẹ́yìn náà. Ṣáájú àṣẹ yìí, a ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n fi odindi ọjọ́ méjì, mẹ́ta, jókòó sórí àga gbọọrọ. Àṣẹ ti jáde, ṣùgbọ́n àṣẹ tí aláìsàn kò mọ̀, òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu fèrèsé kò ní rán an létí.

Bí ọ̀ràn bá sì di pàjáwìrì ńkọ́? Bí àyà bá ń dun ènìyàn bí ẹni gbé òkúta lé e, tí òógùn ń bò ó, tí ojú ń ṣú u, ìyẹn kì í ṣe àkókò kóòdù. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, èyí tí a ṣe ní 2014, sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì fún ìdí yòówù kó jẹ́. Ó fi ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ lé e. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ibi tí ó súnmọ́ jù lọ, kí ẹ tó máa wá HMO kiri.

Kí á tó dá ẹ̀bi lé ẹnikẹ́ni lórí, ó yẹ kí á mọ ibi tí ètò yìí ti wá. Ní 1962 ni Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó jẹ́ mínísítà ìlera ìjọba àpapọ̀, kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wá sílé ìgbìmọ̀. Kò rí ẹsẹ̀ dúró, àwọn dókítà kan sì wà lára àwọn tí ó ta kò ó. Ó di 1999 kí òfin tó jáde, ó di 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 43 gbáko! Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ní 2018 nínú ìwádìí ńlá nípa ìlera àwọn ará ilé, kò ju 3 nínú 100 lọ, l'ọ́kùnrin l'óbìnrin láti ọdún 15 sí 49, tí ó ní adójútòfò ìlera kankan. Òfin tuntun ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà, ó sì sọ NHIS di NHIA. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti dá tiwọn sílẹ̀. Èkó ní Ìlera Èkó, Òǹdó ní Abiyamọ fún àwọn aláboyún àti àwọn ọmọdé, Èkìtì sì fi ohùn ilé pe tiwọn ní Ulerawa, orúkọ tí ó dùn mọ́ àwa létí ju gbogbo lẹ́tà NHIA lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, gómìnà Èkó fi ọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ ọ́ di dandan ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní àjọ tirẹ̀ ni ó ní ìwé orúkọ ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ààlà ìpínlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀, káàdì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìwó, tí Ìbàdàn wà nítòsí rẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣun ni káàdì rẹ̀ ń ṣe. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fi ọkàn sí UCH, ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ àjọ Ọ̀ṣun bóyá wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú ibẹ̀, kí ó sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ihò nínú ọkàn láti inú oyún. Ìwé ìlànà ètò ìjọba àpapọ̀ ti 2012 ka iṣẹ́ abẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí adójútòfò kò ní san. Ó dunni, nítorí irú iṣẹ́ abẹ yìí gan-an ni agbára òbí kò ká. Kí òbí béèrè ohun tí ìwé tiwọn wí kí wọ́n tó ta ilẹ̀.

Wàyí o, ìdí tí àwọn dókítà aládàáni fi ń sá fún káàdì. Owó tí ètò náà ń san kò tó nǹkan, kì í sì í tètè dé. Fún ọdún tí ó ju 10 lọ, 750 náírà ni a ń san fún ilé ìwòsàn kékeré lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ì báà ṣàìsàn, ì báà má ṣàìsàn. Ọdún 2025 ni wọ́n tó kéde pé ó di 1,450, wọ́n sì fi kún owó tí a ń san fún àwọn dókítà àgbà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 750 náírà wé owó ẹyin mélòó kan lọ́jà, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ni ó lé dókítà sá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sí nílé mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà, sọ pé dókítà tí ó ju 16,000 lọ ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje tí ó ṣáájú. Owó àwọn ará ilé ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ àyà fún lónìí, ọ̀fẹ́ ni aláìsàn tibẹ̀ sì ń rí wọn.

Bí dókítà ọkàn kò bá lè dé Ṣakí, ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé ibẹ̀. A ní ẹ̀rí rẹ̀ nítòsí. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láti 2007, ìjọba, owó ìrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan da ọwọ́ pọ̀, wọ́n mú káàdì olówó pọ́ọ́kú dé àwọn abúlé. Àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará agbègbè Àfọ̀n, wọ́n tún padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún méjì. Nọ́ńbà ti òkè lára ẹ̀rọ ìwọ̀n fi nǹkan bí 10 wálẹ̀, èyí tí ó fi nǹkan bí 5 ju ti ìlú tí a fi wé e lọ, níbi tí ètò náà kò sí. A tẹ èsì náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014. Kò sí dókítà ọkàn kan tí ó kó lọ máa gbé Àfọ̀n. Nọ́ọ̀sì, oògùn tí kì í tán, àti ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó ń bẹ níbẹ̀. Ìdí rèé tí inú wa kì í fi í dùn nígbà tí a bá ń gbọ́ pé oògùn tán ní ilé ìwòsàn oníkáàdì, tí a sì ń ní kí aláìsàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níta. Ẹni tí ó bá ra á ní oṣù kìíní lè má rí owó rà á ní oṣù kejì. Láàárín oṣù méjì yẹn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí wọ́n lè wà. Nígbà tí olùdíje bá dé pẹ̀lú ìlù àti fìlà, tí ó ní òun yóò kọ́ ilé ìwòsàn, ẹ bi í léèrè bí dókítà tí yóò wà nínú rẹ̀ ti tó, àti oṣù mélòó tí ìjọba rẹ̀ yóò máa jẹ ilé ìwòsàn oníkáàdì ní gbèsè. Ilé tí a kùn lọ́dà kò gbọ́ àyà ẹnikẹ́ni rí. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá yóò gbà kí dókítà ọkàn kan láti ilé ìwòsàn yunifásítì máa wá jókòó ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú ẹ̀rọ ECG, kí a sì san owó rẹ̀ láti inú ètò káàdì. Ọkọ̀ kan àti àdéhùn kan ni èyí ń fẹ́. Kò tó owó pátákó ìpolongo kan ní ìkòríta.

Ní ti àwọn olùkọ́, iṣẹ́ wà tí wọn kò ní láti dúró de ìjọba kí wọ́n tó ṣe. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí àjọ ìpínlẹ̀ tàbí sí HMO tí ó ni káàdì wọn, kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta: orúkọ ilé ìwòsàn tí dókítà ọkàn wà nínú ìwé wọn, ọjọ́ tí ó ń jókòó níbẹ̀, àti àyẹ̀wò ọkàn tí káàdì náà ń san. Kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri ilé àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbìlì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí ìsàlẹ̀, nítorí bí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá, ó yẹ kí wọ́n tún un béèrè.